Igá Ìdúngànràn, Odi Ọba Èkó

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ó sì gba etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá, yóò rí ilé olódi púpọ̀ tí àwọn òyìnbó fi òkúta kọ́ láyé òwò ẹrú. Ní Elmina, ní ilẹ̀ Gánà, ọdún 1482 ni àwọn Potogí ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ní Cape Coast, tí kò jìnnà sí i, àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí òmíràn. Ní Wídà, ní ilẹ̀ Dàhómì àtijọ́ tí a ń pè ní Benin lónìí, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó ní odi nínú ìlú kan ṣoṣo: Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí. Ṣùgbọ́n bí arìnrìn-àjò náà bá dé Èkó, kì yóò rí irú odi bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé òwò náà kò dé ibẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Èkó wà nínú àwọn èbúté ẹrú tí ó tóbi jù lọ ní gbogbo etí òkun wa. Ìdí rẹ̀ ni pé odi tí ó wà níbẹ̀, ti ọba ni. Àwọn oníṣòwò Potogí àti Bràsíìlì tí wọ́n bá gúnlẹ̀ síbẹ̀, abẹ́ ọba ni wọ́n ń gbé, ojú ọba ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó tajà. Orúkọ ilé ọba náà ni Igá Ìdúngànràn.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ilé yìí fún ẹ̀yin òǹkàwé: bí a ti kọ́ ọ, ohun tí ó fún un ní agbára, àti bí ó ti ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ọdún mọ́kànlá péré. Ìtàn náà kò parí sí Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí ọba tí ó pàdánù rẹ̀ gbẹ̀yìn lọ tẹ ibi agbára mìíràn dó ní Ẹ̀pẹ́, ó sì fi etí òkun Lẹ́kí ṣe ẹnu-ọ̀nà rẹ̀. Nítorí náà ó kan àwọn tí ń gbé ní Ajah, ní Lẹ́kí àti ní Ìbẹ̀jú lónìí, bí ó ti kan àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pàápàá.

Àwọn àgbà Èkó sọ pé oko ata ni ilẹ̀ tí Igá dúró lé jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Arómirẹ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọlọ́fin, ni ó ni oko náà. Ní ìgbà náà Ìdó ni àwọn ọba ń gbé. Nígbà tí Ọba Gàbàró fẹ́ ré kọjá wá sí erékùṣù Èkó, Arómirẹ yọ̀ǹda oko ata rẹ̀ fún un kí ó fi kọ́lé. Láti inú èdè Ẹ̀dó ni orúkọ Ìdúngànràn ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibi tí a ń gbin ata sí. Orúkọ yìí fi hàn wá pé ọ̀nà méjì ni ìpìlẹ̀ ilé náà ti wá: ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ Ọlọ́fin, ṣùgbọ́n ìdílé tí ó jọba lórí rẹ̀ ní àjọṣe pẹ̀lú Ẹ̀dó. Títí di òní, àwọn ìjòyè onífìlà funfun ni a mọ̀ sí onílẹ̀ l'Ékòó, ọba sì ni olórí gbogbo wọn. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀bùn ni ilẹ̀ odi yìí. Ogun kọ́ ni a fi gbà á.

Nígbà Ọba Akínṣemóyìn, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni ilé náà gba ẹwà tí a fi mọ̀ ọ́n. Ọba yìí bá àwọn Potogí dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn Èkó fún wọn láti wá ra ẹrú. Nínú àwọn tí wọ́n la ọ̀nà òwò náà ni João de Oliveira wà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà ni a bí ọkùnrin yìí. A kó o lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, ó sì tún padà wá sí etí òkun wa láti ra àwọn ènìyàn bí ara rẹ̀. Ní 1770 ó padà sí Bàhíà, ó sì ń sọ fún wọn níbẹ̀ pé òun ni ó fi owó ara òun ṣí èbúté Pọ́tónófò àti ti Èkó. Ìtàn Èkó sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ Potogí yìí ni wọ́n fún Akínṣemóyìn ní àwo amọ̀ sísun tí ó fi bo Igá. Ẹ̀bùn tí ó dára ni lójú, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí wọ́n fi ń kó nínú ọkọ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìkọ́lé náà. Bí àfin àwọn ọba Yorùbá yòókù, Igá kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Ilé púpọ̀ ni tí a so pọ̀ yí àgbàlá ká, àgbàlá kan ń ṣí sí òmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọba kò lè rìn tààrà wọlé. Yóò la ẹnu-ọ̀nà kọjá, yóò dé àgbàlá, yóò dúró kí a tó pè é, kí ó tó tún la ẹnu-ọ̀nà mìíràn. Ògiri rẹ̀ jẹ́ ti amọ̀ tí a pò, tí a mọ ní ìpele-ìpele, ó sì nípọn. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn kì í fọ́ bí òkúta nígbà tí ọta bá bà á. Ọta a máa rì sínú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tá ilé amọ̀ kì í ṣe ọta ìbọn. Iná orí òrùlé ni, nítorí koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni àwọn ènìyàn fi ń bo ilé ní ìgbà náà, bí iná bá sì mú ilé kan, àdúgbò a lọ. Nípa èyí ni àwo amọ̀ sísun Akínṣemóyìn fi ju ọ̀ṣọ́ lásán lọ: iná tí ń fò láti orí ilé dé orí ilé kò rí ohun jíjẹ lórí ilé ọba.

Síbẹ̀ agbára Igá tí ó ga jù kò sí lára ògiri. Omi ni. Ní ẹnu ọ̀sà, níbi tí omi Èkó ti ń bọ́ sínú òkun, òkè iyanrìn kan wà lábẹ́ omi tí ìgbì ń fọ́ lé lórí. Kí a tó kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu òkun náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ tí ó bá jìn nínú omi kò lè kọjá rẹ̀. Òkun ni yóò dúró sí, tí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré yóò máa kó ẹrù lọ bá a. Ọkọ̀ kékeré tí ó bá sì wọlé ní láti yí erékùṣù ká kí ó tó dé iwájú Igá, nítorí ìhà àríwá ni Igá kọjú sí, ìhà Ìdó. Ọba ti fi gbogbo ìlú sáàrin ara rẹ̀ àti òkun. Ta ni ìbá rò pé irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ṣubú?

Ó kọ́kọ́ ṣubú láti inú wá. Ní 1841, nígbà tí Ọba Olúwọlé wà lórí oyè, àrá sán lu Igá, iná rẹ̀ sì ràn mọ́ ẹ̀tù tí a kó pa mọ́ síbẹ̀. Ilé fọ́, ọba sì kú. Ìtàn sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ ọba tí ó wà lára rẹ̀ ni a fi dá òkú rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀tù náà ni a rà láti fi ṣọ́ ọba. Òun gan-an ni ó pa ọba.

Ìṣubú kejì burú ju ti ìṣáájú lọ, nítorí ọwọ́ ẹbí ni ó ti wá. Láti ìgbà tí Ọba Ológun Kútérè ti wàjà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń du oyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kòsọ́kọ́, ọmọ Òṣìnlókun, rò pé oyè tọ́ sí òun, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́tù Ọ̀dìbò, tí ó wà nínú àwọn afọbajẹ, kórìíra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin wà nínú ìjà àwọn méjèèjì, nítorí Kòsọ́kọ́ gba ìyàwó àfẹ́sọ́nà Ẹlẹ́tù. Wọ́n tún sọ pé Ẹlẹ́tù hú egungun ìyá Kòsọ́kọ́, ó sì dà á sínú ọ̀sà. Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú. Lẹ́yìn ikú Olúwọlé, Akítóyè, arákùnrin bàbá Kòsọ́kọ́, ni a fi jọba. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni Akítóyè. Ó ní kí a mú ọmọ ẹ̀gbọ́n òun padà wá láti Wídà, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Eréko. Ẹlẹ́tù kò fara mọ́ ọn. Ó bínú, ó sì lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí Akítóyè tún ránṣẹ́ pe Ẹlẹ́tù padà, Kòsọ́kọ́ ní ìlú kò lè gba àwọn méjèèjì.

Báyìí ni ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù Júláì, 1845. Àwọn ará Kòsọ́kọ́ láti Eréko ká ọba mọ́ Igá fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn kò ní láti wó ògiri rẹ̀. Wọ́n kàn dí ọ̀nà omi mímu ni. Òùngbẹ gbẹ àwọn ènìyàn títí wọ́n fi ń mu omi ọ̀sà tí ó ní iyọ̀, èyí ni a sì fi ń pe ogun náà ní Ogun Olómiró títí di òní. Ẹ wo bí ó ti rí: odi tí omi yí ká láti ṣọ́ ọ, àìrí omi mu ni ó ṣẹ́ ẹ. Akítóyè sá gba orí omi lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó dé Àgbádárìgì. Wọ́n pa Ẹlẹ́tù Ọ̀dìbò. Kòsọ́kọ́ jókòó nínú Igá.

Akin ni Kòsọ́kọ́, ó sì gbọ́n. Ọ̀tá rẹ̀ pàápàá kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n òwò tí ó fi ń ra ẹ̀tù àti ìbọn ni òwò ẹrú. A kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ohun tí èyí jẹ́. Samuel Ajayi Crowther, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù wa àkọ́kọ́, ọmọdékùnrin ni nígbà tí a kó o ní Òṣogùn ní 1821. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí a ti fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ àwọn mìíràn lọ́rùn, kí a tó fi í sínú ọkọ̀ Potogí kan. Ní 7 oṣù Éprílì, 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹni kan nìyí tí a mọ orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n gba ibẹ̀ kọjá tí kò sí ọkọ̀ tí ó gbà wọ́n sílẹ̀. Lójú àwọn wọ̀nyí odi Èkó kì í ṣe ibi ìsádi. Ẹnu ihò ni.

Akítóyè nínú ìgbèkùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè, òun yóò pa òwò ẹrú tì. Àwọn òjíṣẹ́ CMS ní Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta gbè é lẹ́sẹ̀; Crowther fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà nílùú Lọ́ńdọ̀nù ní 1851. Àwọn oníṣòwò epo pupa pẹ̀lú fẹ́ kí Èkó ṣí sílẹ̀ fún wọn. Àánú àti èrè jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ kò sọ ìtàn náà tán.

Nínú oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún náà John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá bá Kòsọ́kọ́ kí ó fọwọ́ sí ìwé. Kòsọ́kọ́ kọ̀. Ní 25 oṣù náà àwọn ọkọ̀ rẹ̀ wọ ọ̀sà pẹ̀lú àsíá funfun, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó yìnbọn fún wọn láti etí omi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sun ilé díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró àárín ìlú dẹ́kùn mú wọn, wọ́n sì padà sínú ọkọ̀ wọn láìrí nǹkan ṣe.

Kòsọ́kọ́ mọ̀ pé wọn yóò tún wá. Ó wá sọ gbogbo etí omi di odi. Wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ di ebè gíga, wọ́n ri ìtì igi àgbọn mọ́lẹ̀ ní ìlà méjì, wọ́n sì ri òpó sínú omi kí ọkọ̀ kékeré má baà lè gúnlẹ̀. Láàrin ìtì igi wọ̀nyí ni wọ́n gbé ìbọn àgbá sí. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Èkó ni èyí, àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ sílé.

Ní 26 oṣù Dìsẹ́ńbà, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọkọ̀ Bloodhound àti Teazer wọlé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré lẹ́yìn wọn. Omi kò jìn tó, Teazer sì fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn níwájú ìbọn àwọn ará Èkó. Ní ọjọ́ náà ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun àwọn àlejò, nítorí àwọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ba ìbọn náà jẹ́ rí ìjà gbígbóná nígbà tí wọ́n ń padà. Láàrin ìjà náà lápapọ̀, bí 16 nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì kú, bí 75 sì gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọta oníná tí ń fò. Ọ̀kan bọ́ sí ibi ìpamọ́ ẹ̀tù, iná sì mú ìlú. Bí àgbá náà ti ń dún ni àwọn ènìyàn fi sọ ogun náà ní Agídìngbì. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ogun Ahóyaya. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ Ìsinmi, 28 oṣù Dìsẹ́ńbà, Kòsọ́kọ́ ti fi ìlú sílẹ̀. Ẹ̀tù tí ó pa Olúwọlé ní 1841 ni ó tún lé Kòsọ́kọ́ jáde ní 1851. Akítóyè wọ Igá padà, ní 1 oṣù Jánúárì, 1852, ó fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú parí l'Ékòó. Nínú ọdún náà ni James White, àti C. A. Gollmer lẹ́yìn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ìjọ ní ìlú náà.

Ṣùgbọ́n Kòsọ́kọ́ kò tíì tán. Ó gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, òun àti Òṣòdì Tápà àti Pòsú àti ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó fi yan ibẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sà wà níwájú rẹ̀, ní òdìkejì ọ̀sà náà sì ni ilẹ̀ tóóró tí ó gùn láti ìhà Ajah lọ dé Lẹ́kí, tí òkun ń lù ní ìhà kejì. Ilẹ̀ tóóró yìí ni Kòsọ́kọ́ fi ṣe ògiri odi rẹ̀. Ó fi Palma, tí í ṣe Orímẹ̀dú, àti Lẹ́kí ṣe ẹnu-ọ̀nà: níbẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ń dúró sí, tí a ń kó ẹrù gba orí iyanrìn kọjá sí ọ̀sà, kí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó gbé e dé Ẹ̀pẹ́. Kò nílò ẹnu ọ̀sà Èkó mọ́.

Láti ibẹ̀ ni ó ti gbógun wá sí Èkó nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1853, ṣùgbọ́n kò rí i gbà. Akítóyè kú ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Nígbà tí apá kò ká Kòsọ́kọ́, Benjamin Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, bá a sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Wọ́n pàdé ní Agbékin lójú ọ̀sà nínú oṣù Jánúárì, 1854, nígbà tí ó sì di 28 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí oyè Èkó, ó kọ òwò ẹrú sílẹ̀, a sì gbà pé òun ni ó ni èbúté Palma. Epo pupa ni ọkọ̀ wá ń rà níbẹ̀. Ohun tí ìbọn àgbá kò lè ṣe tán, ìjókòó àti ọ̀rọ̀ sísọ ni ó ṣe é.

Kí ni ó wá kù fún Igá? Ní 6 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú omi Èkó, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi ìlú fún ọba obìnrin Gẹ̀ẹ́sì. A kò yin ìbọn kankan. Èso irúgbìn 1851 ni: ẹni tí ó bá fi ọwọ́ àlejò gba ilé bàbá rẹ̀, àlejò yóò béèrè fún kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ kan. Ní 1862 a gba Kòsọ́kọ́ láàyè láti padà sí Èkó, ní 1863 ó sì fi Palma àti Lẹ́kí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Pòsú tí ó kù ní Ẹ̀pẹ́ kò gbà, a sì bá a jagun ní ọdún náà. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé Òṣòdì padà ni a fún ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kòsọ́kọ́ kú ní 1872. Kò tún gun oyè mọ́.

Igá Ìdúngànràn ṣì dúró. A kọ́ apá titun sí i ní àkókò tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, a sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ìrántí. Ẹ̀pẹ́ ṣì ní apá méjì, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́, èyí sì jẹ́ àpá ẹsẹ̀ Kòsọ́kọ́ lórí ilẹ̀. Ní etí òkun Lẹ́kí, níbi tí ó fi ṣe ẹnu-ọ̀nà, a ṣí èbúté ńlá kan ní 2023, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí ó jìn nínú omi ti ń gúnlẹ̀. Ohun tí ọba náà rí nínú ilẹ̀ tóóró yẹn, ìjọba àti àwọn oníṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní àádọ́jọ.

Àwọn bàbá wa wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ní 1845 ọmọ ilé ni ó ká ilé mọ́. Ní 1851 ọmọ ilé ni ó mú àlejò wá. Ìjà ẹbí la ògiri náà lẹ́nu, òwò ẹrú sì sọ ihò náà di ẹnu-ọ̀nà gbòòrò, nítorí odi tí ó bá ń ṣọ́ ohun àìtọ́ kò lè rí ẹlẹ́rìí rere lọ́jọ́ ogun. Amọ̀ Igá kò lábùkù, omi Èkó kò gbẹ, igi àgbọn Kòsọ́kọ́ kò sì jẹrà. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé fún ìlú tàbí fún ìdílé rẹ̀ lónìí, kí ó wo ohun tí ó fẹ́ fi ṣọ́, kí ó sì wo àwọn tí yóò bá a gbé inú rẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pò amọ̀.